Dókítà tó fẹ́ kọ́ ìtọ́jú ìrora: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ọbańta
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ọdún kejì residency (ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àkànṣe) anaesthesia, iṣẹ́ fífi oògùn pa ìmọ̀lára fún iṣẹ́ abẹ, ni mo wà, níhìn-ín ní Rẹ́mọ. Ìtọ́jú ìrora ni mo fẹ́ máa ṣe tí mo bá parí, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń gbọ́ kò bára mu. Ẹnì kan ní kí n lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Èkó, kí n gba sátífíkéètì, kí n sì gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíràn ní FIPP, ìwé ẹ̀rí fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ìrora, ni kí n máa lé. Ẹnì kẹta ní master's orí íntánẹ́ẹ̀tì ti tó. Ẹ bá mi tò ó bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra: kí ló ṣáájú, kí ló gbẹ̀yìn, kí ni mo sì lè kọ́ láàárín Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó ronú àtikúrò nílé rárá?

Àgbà_Ìperu
Àbúrò, ó dáa tí o bèèrè kó tó pẹ́ jù. Òrùlé ni ìtọ́jú ìrora, kì í ṣe ìpìlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ parí residency nínú iṣẹ́ mìíràn, bí anaesthesia, neurology tàbí physical medicine, kí wọ́n tó gbà á fún fellowship (ẹ̀kọ́ àkànṣe lẹ́yìn residency) oṣù méjìlá. Ní Australia àti New Zealand, ọdún méjì ni, lórí iṣẹ́ tó ti kọ́ yanjú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wá sọ fún ọ pé ọjọ́ mẹ́ta tó, ọjà ló ń tà.

Tiwa níbí, o mọ̀ ọ́n: housejob ọdún kan, àgùnbánirọ̀ ọdún kan, ìdánwò Primary, residency, ìdánwò Part I, ìdánwò Part II. O lè gba ọ̀nà National Postgraduate Medical College, èyí tí òfin dá sílẹ̀ ní 1979, o sì lè gba ti West African College of Surgeons, tí ẹ̀ka anaesthesia wà lábẹ́ rẹ̀. Ìrora wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ anaesthesia. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdánwò nìkan ni ọ̀pọ̀ ń torí rẹ̀ kà á. Wọ́n á ka ìlànà ẹnubodè (pé ọ̀pá ẹ̀yìn lè ṣílẹ̀kùn fún ìrora tàbí kó tì í) tí Melzack àti Wall gbé jáde ní 1965 lákàtúnkà, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n máa bi ìyá tó ń yan gàrí, tí èjìká rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún méjì.

Lo residency yẹn dáadáa. Tí o bá ń yí wọ́ọ̀dù ká lárọ̀ọ́ ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, má kàn bi aláìsàn pé "ṣé ó ń dùn yín?" Bi í ní nọ́ńbà láti 0 sí 10 nígbà tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ní kó húkọ́ tàbí kó dìde jókòó, kí o tún bi í. Ẹni tó ní 2 lórí ìdùbúlẹ̀ lè sọ 8 tó bá húkọ́. Ẹni yẹn kò ní mí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò ní fẹ́ rìn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹ ó máa tọ́jú òtútù àyà. Èyí kò ná ọ ní kọ́bọ̀, o sì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Abẹ́rẹ́_Tààrà
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa á tì. Ohun tó ya dókítà ìrora sọ́tọ̀ sí dókítà tó kàn ń kọ diclofenac ni iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó ní ìrora ẹ̀yìn láti oríkèé kéékèèké ẹ̀yìn, tí físíò àti oògùn kò ràn lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ni yóò tú u sílẹ̀. Kó gba FIPP. World Institute of Pain ló ń ṣe é láti 2001. Àkọsílẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ ẹnu wà, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ náà wà níwájú olùdánwò. Ìwé tí wọ́n mọ̀ káàkiri ayé ni.

Físíò_Odògbólú
Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́, "tí físíò kò ràn lọ́wọ́" yẹn, ẹ máa bèèrè irú físíò tó jẹ́ o. Iná gbígbóná ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn kọ́ ni ìtọ́jú. Ìdárayá tó ń lé sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, tí aláìsàn ń ṣe nílé, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun là ń pè ní físíò.

Ohun tí mo fẹ́ kí dókítà tó ń kọ́ ìrora mọ̀ kó tó di abẹ́rẹ́ mú ni ìyàtọ̀ láàárín irú ìrora. Èyí tó ti ara ibi tó fara pa wá. Èyí tó ti iṣan ìmọ̀lára fúnra rẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní nociplastic, níbi tí kò ti sí ọgbẹ́ tó hàn, tí iṣan kan pàtó kò bà jẹ́, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti di ẹni tí nǹkan kékeré ń ta lára. Ẹ fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ní abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, ẹ ó kàn máa ṣí ojú ibi tó ń dùn kiri ara rẹ̀ ni.

Dókítà_Ìjẹ̀bú_Igbó
Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe resident. Ilé ìwòsàn kékeré ni mò ń bójú tó. Àwọn tí mò ń rí jù ni orúnkún àwọn ìyá àgbà, ẹ̀yìn àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tó ń jó, àti ọmọ SS tó wọlé lóru. Ṣé kò sí nǹkan kan fún irú wa?

Àgbà_Ìperu
Ó wà dáadáa, bóyá ẹ̀yin gan-an ló sì tọ́ sí jù. Ẹ wá Essential Pain Management, tí wọ́n ń pè ní EPM. Papua New Guinea ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2010, Faculty of Pain Medicine ti Australia àti New Zealand ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kan ni ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tó bá yege nínú rẹ̀ lè ṣe ìdajì ọjọ́ sí i láti di olùkọ́, kí àwọn náà kọ́ ẹlòmíràn ní ìlú wọn. Dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti físíò jọ ń jókòó síbi kan ni, èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú ètò náà.

Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e ró: R, A, T (Recognise, Assess, Treat). Dá ìrora mọ̀. Wọ̀n ọ́n, kí o sì mọ irú rẹ̀. Tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú oògùn àti pẹ̀lú ohun tí kì í ṣe oògùn. Ó dà bíi pé ó rọrùn jù, àbí? Ẹ mú káàdì aláìsàn mẹ́wàá nínú wọ́ọ̀dù tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ wò ó bóyá A wà nínú ìkankan nínú wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹ ó rí ni "c/o pain", lẹ́yìn náà orúkọ oògùn.

Tí ẹ bá ṣètò rẹ̀, ẹ má fi sí ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba. Ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Físíò_Odògbólú
Lórí A yẹn. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí dókítà Ìjẹ̀bú-Igbó sọ, DN4, àyẹ̀wò tó ń wá ìrora iṣan ìmọ̀lára, ni ẹ ó lò. Ìbéèrè méje àti àyẹ̀wò mẹ́ta, mẹ́wàá lápapọ̀. Ẹni tó bá ní 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan ìmọ̀lára ló bà jẹ́. Ẹ bi í ní èdè tí aláìsàn ń sọ. Ṣé ó ń jó yín bí iná? Ṣé ó tutù lọ́nà tó ń dunni? Ṣé ó ń gbé yín bí iná mànàmáná? Ṣé ó ń rìn yín bí èèrà, ṣé ó ń gún yín bí abẹ́rẹ́ kéékèèké, ṣé ó kú tipiri, ṣé ó ń yún yín? Lẹ́yìn náà ẹ fi òwú kan án bóyá kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ fi ohun ṣóńṣó kan án bákan náà, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rọra rá ibẹ̀ bóyá ìyẹn ń dùn ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí ẹ fi máa parí.

Ẹni tó bá gba 6 nínú DN4, diclofenac kò ní ṣe nǹkan kan fún un ju kó ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ lọ, pàápàá alátọ̀gbẹ. Amitriptyline 10 sí 25 mg lálẹ́ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ rọra máa gbé e sókè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá lù dọ́gba, tàbí tó jẹ́ bàbá àgbà tí ìtọ̀ kì í tètè jáde, ẹ wá nǹkan mìíràn.

Apòògùn_Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i níbi oògùn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìrora gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú ni ìṣírò morphine.

Aláìsàn jẹjẹrẹ tó ń mu morphine olómi 10 mg ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, 60 mg ló ń mu lójúmọ́. Oògùn ìdánudúró fún ìgbà tí ìrora bá já lu oògùn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ti gbogbo ọjọ́ náà, ìyẹn 10 mg. Tó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan, 60 àti 40, ó di 100. Ẹ pín in sí mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17, ẹ kọ 15 mg ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìdánudúró rẹ̀ náà á di 15. Ọ̀pọ̀ dókítà ń gbé ti ìgbà gbogbo sókè, wọ́n á gbàgbé ìdánudúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, aláìsàn á wá máa ní oògùn yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Tí kò bá lè gbé mì mọ́, tí ẹ fẹ́ gbé e bọ́ sí inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta: 60 mg lẹ́nu di 20 mg nínú iṣan fún gbogbo ọjọ́. Ẹni tó bá gbàgbé pípín yìí, ìlọ́po mẹ́ta ló ń fún aláìsàn.

Olómi náà: ẹ wo ohun tó wà lára ìgò. Èyí tó jẹ́ 1 mg nínú 1 mL wà, èyí tó jẹ́ 10 mg nínú 1 mL náà wà. Ẹ máa kọ mg àti mL pọ̀ nínú ìwé oògùn, ẹ má kọ "ṣíbí kan", nítorí ṣíbí ilé yìí kò dọ́gba pẹ̀lú ti ilé kejì. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni ká fún wọn, ká fi bírò fa ìlà sí ibi tó yẹ kó dé.

Tí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tí morphine ń dà nínú ara, tí wọ́n ń pè ní M6G, kì í jáde mọ́. Á kó jọ, aláìsàn á máa sùn, mímí rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí gbogbo yín ti rò pé ewu ti kọjá. Ẹ dín in kù, ẹ sì jẹ́ kí wákàtí tó wà láàárín rẹ̀ gùn sí i, tàbí kí ẹ yí i sí fentanyl.

Ìgbẹ́ gbígbẹ kì í bá aláìsàn mọ́ra bí oorun tàbí èébì ṣe ń bá a mọ́ra. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ morphine ni kí ẹ kọ bisacodyl tàbí senna pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má dúró kó ráhùn.

Dókítà_Ìjẹ̀bú_Igbó
Ẹ ṣé gan-an. Pethidine ńkọ́ fún àwọn ọmọ SS? Òun ni wọ́n sábà máa ń bèèrè fún.

Apòògùn_Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ fi sílẹ̀. Norpethidine tó ń dà nínú ara kì í tètè jáde rárá, ó ju pethidine fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Tí ẹ bá ń tún un fún wọn ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta fún ọjọ́ méjì, á kó jọ, gìrì sì lè mú wọn. Kíndìnrín àwọn ọmọ SS kì í sì í pẹ́ bà jẹ́, èyí tó wá dá kún un. Morphine ni, pẹ̀lú paracetamol tó pé, omi tó tó ṣùgbọ́n tí kò pọ̀ jù. Kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá fún wọn ní ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ má ní "ó di àárọ̀".

Tramadol ni gbogbo ayé ń sá lọ bá. 400 mg ni òpin rẹ̀ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, tó bá sì pàdé amitriptyline tàbí oògùn ìdààmú ọkàn mìíràn, ewu gìrì àti ti serotonin tó pọ̀ jù wà níbẹ̀. Láti May 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de oògùn ikọ́ tó ní codeine, ojú tí wọ́n fi ń wo irú oògùn yìí ti le sí i, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Dókítà tó ń kọ́ ìrora gbọ́dọ̀ mọ ìwé àkọsílẹ̀ oògùn líle: kọ́bọ́ọ̀dù alágádágodo, ọwọ́ ìwé ẹni méjì, iye tó kù tí a ń kà ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá yí ọwọ́.

Ẹ sì máa bèèrè àwọn oògùn tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá. Ẹni tó ní òun kì í lo oògùn kankan lè ti máa lo prednisolone àti piroxicam láti oṣù mẹ́jọ, tí kò mọ orúkọ wọn. Ẹ ní kí wọ́n mú ọ̀rá náà wá.

Abẹ́rẹ́_Tààrà
Ó dáa, gbogbo wa ti gbọ́ nípa oògùn. Àbúrò Ọmọ_Ọbańta, jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ ń béèrè kí o lè mọ ohun tí o ń lọ kọ́.

Oríkèé ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, iṣan ìmọ̀lára méjì ló ń bọ́ ọ. Oríkèé L4–5 (láàárín eegun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún), medial branch (ẹ̀ka iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí oríkèé) L3 àti ti L4 ni, ibi tí wọ́n sì ti ń kọjá jẹ́ gbòǹgbò transverse process (apá eegun ẹ̀yìn tó yọ sí ẹ̀gbẹ́) L4 àti L5. Nọ́ńbà iṣan àti nọ́ńbà eegun kì í dọ́gba; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Fún L5–S1, L4 medial branch ni àti dorsal ramus (ẹ̀ka iṣan ìmọ̀lára tó lọ sẹ́yìn) L5 lórí ejìká eegun sacrum, ìyẹn eegun ìdí. 0.3 sí 0.5 mL oògùn ìpàmọ̀lára fún iṣan kan. Tí o bá fún un ní 2 mL, oògùn á tàn dé ibòmíràn, o ò ní mọ ohun tó mú ìrora lọ mọ́. Àyẹ̀wò ni abẹ́rẹ́ yìí, kì í ṣe ìwòsàn. Tó bá rọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà náà la tó ń ronú nípa fífi iná radiofrequency jó iṣan náà: 80°C fún ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90. Kí abẹ́rẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan, kó tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, má fi orí abẹ́rẹ́ gún un lóòró, nítorí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń jó ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Orúnkún àwọn ìyá àgbà náà: iṣan ìmọ̀lára orúnkún (genicular) mẹ́ta là ń wá, òkè inú, òkè ìta, ìsàlẹ̀ inú. Ìsàlẹ̀ ìta là ń fi sílẹ̀, nítorí iṣan common peroneal wà nítòsí ibẹ̀. Tí o bá jó o, àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní lè gbé sókè mọ́, ìyá tó wá nítorí orúnkún á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Àgbà_Ìperu
Ohun tí o sọ yìí dára, Abẹ́rẹ́. Ó sì fi hàn pé ọjọ́ mẹ́ta kò tó. Jẹ́ kí n fi ohun tó ń pa ènìyàn kún un.

Ìkíní, ìṣírò oògùn ìpàmọ̀lára. Bupivacaine, 2 mg fún kílò kan. Ẹni tó wúwo tó kílò 60, 120 mg ni òpin rẹ̀. Tó bá jẹ́ 0.5%, tó túmọ̀ sí 5 mg nínú mL, 24 mL péré. Tó bá jẹ́ 0.25%, 48 mL. Ṣe ìṣírò yìí sórí ìwé kí o tó fa oògùn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, etí á máa hó, ẹnu á máa kú, ọ̀rọ̀ á máa lọ́, gìrì, kí ọkàn tó dá dúró. Intralipid 20% (ọ̀rá olómi tí a fi ń kojú oògùn ìpàmọ̀lára tó ti wọ ẹ̀jẹ̀) gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá yẹn, kì í ṣe nínú sítọ́ọ̀ tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti lọ sí Ògèrè. 1.5 mL fún kílò kan láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 90 mL fún ẹni kílò 60, lẹ́yìn náà 0.25 mL fún kílò kan ní ìṣẹ́jú kan, tó jẹ́ 15 mL.

Ìkejì, steroid oníyẹ̀ẹ̀pẹ̀, bíi triamcinolone àti methylprednisolone. Ní ọrùn, ní ọ̀nà transforaminal (ihò tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà jáde), ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Àwọn ègé inú rẹ̀ lè wọ òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ, kí wọ́n dí i. Aláìsàn tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, á di arọ lórí tábìlì. Dexamethasone tí kò ní yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ni ká lò, kí a sì ti fi àwọ̀ X-ray wò ó pé a kò sí nínú òpó ẹ̀jẹ̀.

Ìkẹta, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó ń lo warfarin, a dá a dúró ọjọ́ márùn-ún, a sì wo INR (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì) kó tó di pé a sún mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bá dókítà ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná: ẹni tí wọ́n fi fáàfù irin sí ọkàn, ìdúró ọjọ́ márùn-ún yẹn lè fa rọpárọsẹ̀.

Ọmọ_Ọbańta
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun sà. A kò ní C-arm (ẹ̀rọ X-ray tí a fi ń wo ibi tí abẹ́rẹ́ wà) tí a lè lò fún ìrora níbi tí mo wà. Àwọn dókítà eegun ló ń lò ó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé mo kàn máa ka ìwé ni?

Àgbà_Ìperu
Ultrasound ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún ní orí rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ, 2 sí 5 MHz, ó dára fún ohun tó jìn. Wá orí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, 6 sí 13 MHz, fún ohun tó sún mọ́ awọ. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ yìí kì í jẹ́ kí egungun ìhà fífọ́ wọ́n wa lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ìpàmọ̀lára erector spinae plane (sábẹ́ ẹran ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn), tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 2016, ni kí o kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa: wá transverse process tó wà ní àárín ibi tó fọ́, jẹ́ kí ẹnu abẹ́rẹ́ kan eegun, tú oògùn sí abẹ́ ẹran, kí o sì rí i pé ẹran ń gbéra kúrò lórí eegun. 20 mL ti 0.25% ní ẹ̀gbẹ́ kan. Tí o kò bá rí kí ẹran gbéra, inú ẹran lo wà, dúró. Tó jẹ́ òtún àti òsì ló fọ́, padà sí ìṣírò òkè yẹn kó tó di 40 mL.

Ó ní eegun lábẹ́ tó máa dá abẹ́rẹ́ dúró kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí tí mo fi ní kí olùbẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún irú èyí, tí ọ̀gá kan dúró tì ọ́ nígbà àkọ́kọ́, á kọ́ ojú àti ọwọ́ rẹ láti jọ ṣiṣẹ́. Ìyẹn lo máa gbé lọ síbi tí C-arm bá wà.

Nọ́ọ̀sì_Ìlíṣàn
Ẹ̀yin dókítà, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ ẹni tó máa jókòó ti aláìsàn lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Kí ẹ kọ́ eléyìí náà.

Ẹni tó wà lórí morphine inú iṣan ẹ̀jẹ̀, iye ìgbà tó ń mí àti bó ṣe ń sùn là ń kọ, kì í ṣe BP nìkan. Oorun ló máa ń ṣáájú, mímí ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń sùn tí a pè tí kò tètè dáhùn, oògùn tó kàn dúró, ì báà jẹ́ pé ó ní ìrora rẹ̀ jẹ́ 7. Tí mímí bá kéré sí 8 ní ìṣẹ́jú kan: ọ́síjìn, ẹ pè é, ẹ mì í. Naloxone (oògùn tó ń borí morphine) 0.4 mg, ẹ fi omi iyọ̀ 9 mL kún un kó di 10 mL, 0.04 mg ló wà nínú mL kọ̀ọ̀kan. 1 sí 2 mL, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ tún un ṣe títí mímí á fi gbéra. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà: ìrora gbogbo á padà lójijì, aláìsàn á fò sókè, ìfúnpá á sì ga. Naloxone kì í pẹ́ lára tó morphine, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ lọ sùn lẹ́yìn tó bá jí.

Ní kílíníìkì ìrora, ẹ fún ẹni tuntun ní ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ẹ fún un ní àwòrán ara, kó fi bírò kun ibi tó ń dùn ún. Ẹni tó bá kun gbogbo ara pátá, ẹ má yọ ṣùtì sí i. Ẹ bèèrè oorun rẹ̀, ẹ bèèrè ilé rẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tó kú.

Ọmọ_Rẹ́mọ_ní_Leeds
Ẹ kú ilé o. Fún àwọn tó ń ronú UK: Faculty of Pain Medicine wà lábẹ́ Royal College of Anaesthetists láti 2007, FFPMRCA ni ìdánwò wọn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ láti ilé ń gbà ni MTI (Medical Training Initiative, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún dókítà òkèèrè), tó jẹ́ ọdún méjì ní òpin rẹ̀, tí wọ́n sì retí kí ẹni náà padà sílé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ilé ìwòsàn tó máa fún yín ní ọjọ́ kílíníìkì ìrora nínú ọ̀sẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kó tó di pé ẹ fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fi yín sí lálẹ́ lọ́sàn-án.

Master's orí íntánẹ́ẹ̀tì: Edinburgh ní ọ̀kan, Cardiff ní ọ̀kan, Sydney náà ní. Wọ́n dára fún ìmọ̀, fún bí a ti ń ka ìwádìí, fún apá ìrònú àti ìhùwàsí. Kì í ṣe ìwé àṣẹ láti fi abẹ́rẹ́ kan ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn, wọn ò sì sọ pé òun ni. EFIC, ẹgbẹ́ onímọ̀ ìrora ti Yúróòpù, náà ní European Diploma in Pain Medicine, ìdánwò àkọsílẹ̀ àti ti ẹnu.

Ohun tó máa ń ba àwọn tó dé láti ilé lẹ́rù níbí kì í ṣe C-arm. Jíjókòó nínú ìpàdé pẹ̀lú onímọ̀ ìrònú, físíò àti nọ́ọ̀sì, kí gbogbo wọn sọ pé aláìsàn yìí kò nílò abẹ́rẹ́, kí dókítà sì gbà, òun ló máa ń ṣòro.

Abẹ́rẹ́_Tààrà
Ẹ ti ń na ìka sí mi láti òkè. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbà pẹ̀lú mi pé tí kò bá sí ẹni tó lè fi ọtí líle pa celiac plexus (ìdìpọ̀ iṣan ìmọ̀lára inú ikùn) fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ inú àmọ́ (pancreas), morphine nìkan kò ní tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àgbà_Ìperu
Mo gbà á tọkàntọkàn. Ìyẹn wà lára ohun tó yẹ kí ẹnì kan ní agbègbè yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni náà á tún mọ̀ pé ìfúnpá aláìsàn á wálẹ̀ tó bá dìde, pé inú á máa ṣàn fún ọjọ́ díẹ̀, àti pé ẹsẹ̀ lè rọ bí ẹ̀jẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn bá ní ìdíwọ́, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹbí kó tó gba ìfọwọ́sí wọn.

Ọmọ_Ọbańta, bí mo ṣe tò ó nìyí. Parí Part I. Nínú rẹ̀, ṣe EPM, kí o sì di olùkọ́ rẹ̀. Bẹ ọ̀gá rẹ kó jẹ́ kí o lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó ń kú lọ; UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú yìí, kò sì jìnnà sí Ṣàgámù. Darapọ̀ mọ́ Society for the Study of Pain, Nigeria, tó jẹ́ ẹ̀ka IASP, ẹgbẹ́ onímọ̀ ìrora àgbáyé, nílé wa. Part II. Lẹ́yìn ìyẹn, wá fellowship tó kéré tán jẹ́ oṣù mẹ́fà, ọdún kan ló dára jù. WFSA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ anaesthesia, ń ṣètò irú rẹ̀ fún àwọn dókítà anaesthesia tó máa padà sílé. FIPP gbẹ̀yìn, nígbà tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ iṣẹ́ náà.

Ọmọ_Ọbańta
Ẹ ṣeun gan-an sà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: kí ni kí n máa kọ sínú logbook (ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́) láti ìsinsìnyí? Tiwa ní ọjọ́, orúkọ iṣẹ́ àti ọwọ́ ìwé ọ̀gá nìkan.

Físíò_Odògbólú
Fi àwọn wọ̀nyí kún un: irú ìrora, iye DN4, oògùn àti mg rẹ̀, NRS (nọ́ńbà ìrora láti 0 sí 10) ṣáájú, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì, ní oṣù mẹ́ta. Kí o sì ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ohun tí aláìsàn fẹ́ lè ṣe, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀: "kí n lè rìn dé Òkè-Ajé láìjókòó lọ́nà", "kí n lè kúnlẹ̀ kírun". Ẹni tí NRS rẹ̀ wá láti 8 sí 6 tó sì ti ń dé Òkè-Ajé, iṣẹ́ rẹ dára. Ẹni tó wá láti 8 sí 3 tí kò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, lọ wo oògùn rẹ.

Àgbà_Ìperu
Fi ojú ìwé kan sílẹ̀ pẹ̀lú fún "a pinnu láti má ṣe é", àti ìdí rẹ̀. Olùdánwò tó bá mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ ṣí ibẹ̀.